Router ilé tàbí ẹ̀rọ ọ́fíìsì gidi: èwo ni ká rà fún ènìyàn 24?

Akọ̀wé_Bódìjà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà onínẹ́tíwọ̀kì. Ọ́fíìsì wa wà ní Ìbàdàn, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, ìsàlẹ̀ àti òkè. Ènìyàn 24 ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, iṣẹ́ ìṣírò owó là ń bá àwọn oníbàárà ṣe. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì 14 wà, àwọn yòókù ń lo laptop, fóònù gbogbo wa sì wà lórí Wi-Fi kan náà. Oníbàárà tó bá wọlé máa ń béèrè pásíwọọ̀dù, a sì máa ń fún un. Kámẹ́rà IP 8 wà, printer 2, àti kọ̀ǹpútà kan tí fáìlì gbogbo wa wà lórí rẹ̀. Fáíbà 50 Mbps ló ń wọlé. Router tí iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì gbé wá fún wa la ṣì ń lò, pẹ̀lú extender kan ní òkè.

Wàhálà ibẹ̀ nìyí: tó bá ti di aago mẹ́wàá àárọ̀, Wi-Fi á hàn lórí fóònù ṣùgbọ́n kò ní gbé ojú ìwé kankan wá. Àwọn míì á ní àwọn ò tiẹ̀ lè wọlé rárá. Bí a bá pa router, tí a tún tàn án, á dáa fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀gá ní ká lọ ra router ilé aláńtẹ́nà mẹ́jọ kan, kí ọ̀rọ̀ parí. Ẹni tó ń bá wa ṣe wáyà gbé ìwé iye owó tó jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ìyẹn wá: router MikroTik kan, switch PoE (tó ń fi wáyà dátà rán iná), access point mẹ́ta (ẹ̀rọ tó ń tan Wi-Fi nìkan). Ṣé orúkọ la fẹ́ sanwó fún ni, àbí ìyàtọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́?

Wáyà_Dúdú

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ jẹ́ ká ya àìsàn méjì tí ẹ dà pọ̀ sọ́tọ̀, torí oògùn wọn ò jọra.

Ẹni tó ní òun ò lè wọlé rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àdírẹ́ẹ̀sì ló tán. Gbogbo ohun tó bá wọ nẹ́tíwọ̀kì ni router ń fún ní àdírẹ́ẹ̀sì IP kan látinú iye tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún un. Lórí ọ̀pọ̀ router ilé, láti .100 dé .199 ni (nọ́ńbà ìparí àdírẹ́ẹ̀sì), ìyẹn 100 péré. Àwọn míì ò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ka tiyín: kọ̀ǹpútà 24, fóònù 24 ó kéré tán, kámẹ́rà 8, printer 2, kọ̀ǹpútà fáìlì 1. Ó ti di 59 kí a tó ka fóònù kejì àwọn ènìyàn àti àlejò kankan. Àlejò tó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá jókòó á ti lọ, àdírẹ́ẹ̀sì tó gbà á ṣì wà lórúkọ rẹ̀ títí di ọ̀la, bó bá jẹ́ pé wákàtí 24 ni router fi sílẹ̀ fún un. Bí ẹ bá pa router tí ẹ tún tàn án, ọ̀pọ̀ nínú wọn á gbàgbé àkọsílẹ̀ yẹn, ìdí nìyẹn tó fi ń dáa fún ìgbà díẹ̀.

Èyí ò gba owó. Ẹ wọ ojú ìwé router yẹn, ẹ lọ sí DHCP (ibi tó ti ń pín àdírẹ́ẹ̀sì), ẹ fa iye náà gùn láti .20 dé .250, ẹ sì dín lease time, ìyẹn àkókò tí àdírẹ́ẹ̀sì fi ń wà lórúkọ ẹnì kan, kù sí ìṣẹ́jú 120. Kámẹ́rà, printer àti kọ̀ǹpútà fáìlì, ẹ fún wọn ní àdírẹ́ẹ̀sì tó dúró lójú kan láàárín .2 sí .19.

Ẹni tó wọlé ṣùgbọ́n tí nǹkan ò gbé, ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ nìyẹn. Lórí channel kan (ọ̀nà ìgbì tí Wi-Fi ń gbà), ẹnì kan ṣoṣo ló lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Fóònù tó jìnnà máa ń fi ìyára kékeré sọ̀rọ̀, á pẹ́ lórí afẹ́fẹ́, gbogbo àwọn yòókù á sì máa dúró dè é. Extender tún wá dá kún un: ọ̀rọ̀ tó gbà, ó tún ní láti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì lórí channel kan náà, nǹkan bí ìdajì agbára ti lọ nìyẹn. Áńtẹ́nà mẹ́jọ tí ọ̀gá ń wò ò lè ṣe nǹkan kan sí èyí. Router lè pariwo dé òkè, ṣùgbọ́n fóònù kékeré yẹn náà ní láti dáhùn, kí ohùn rẹ̀ gba inú dẹ́kìn àti búlọ́ọ̀kù kọjá. Ibẹ̀ ló ti ń já.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ gan-an rèé. Ẹ̀rọ ilé kó iṣẹ́ mẹ́ta sínú páálí kan: ó ń darí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní ihò wáyà mẹ́rin, ó sì ń ṣe Wi-Fi. Ẹ̀rọ iṣẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀. Router á jókòó sínú kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, access point á wà lára àjà yàrá tí àwọn ènìyàn wà, èyí tó bá bàjẹ́ nìkan lẹ máa pààrọ̀.

Èkejì ni VLAN, mi ò ní gbà kí ẹ fi ìyẹn ṣeré. Wáyà kan náà, access point kan náà, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ̀kì mẹ́ta tí kò ríra: VLAN 10 fún òṣìṣẹ́, 20 fún àlejò, 30 fún kámẹ́rà. Bó ṣe wà báyìí, àlejò tí ẹ fún ní pásíwọọ̀dù wà lójúde kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tí ìṣírò àwọn oníbàárà yín wà lórí rẹ̀. Nàìjíríà sì ti ní òfin ìdáàbòbò dátà láti 2023. Òótọ́ ni pé router ilé náà ní guest network (Wi-Fi àlejò), ó sì máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí router yẹn bá jẹ́ olórí. Tí ẹ bá ti yí i sí AP mode (kó máa ṣe iṣẹ́ access point nìkan) lẹ́yìn router míì, lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, àlejò á bọ́ sínú nẹ́tíwọ̀kì yín láìsí ògiri kankan láàárín.

Bí èmi á ṣe gé ìwé iye owó yẹn: MikroTik hEX tó 50 Mbps dáadáa, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta èyí tó tóbi jù ú lọ fún yín. Access point méjì ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, ọ̀kan ní ìsàlẹ̀, ọ̀kan ní òkè. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé fóònù rin gbogbo kọ̀rọ̀ pẹ̀lú app tó ń wọn sígínà. Níbi tó bá ti fi -67 dBm (ìwọ̀n agbára sígínà; bó bá ṣe súnmọ́ òdo ló ṣe ń dáa) tàbí èyí tó sàn jù bẹ́ẹ̀ hàn lórí àga òṣìṣẹ́, ẹkẹta ò ní iṣẹ́ níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà 14 tó wà lórí tábìlì, wáyà ni kí ẹ fà dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Gbogbo èyí tó bá kúrò lórí afẹ́fẹ́, àwọn fóònù ló jèrè ààyè rẹ̀.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú

Mo fara mọ́ ọn, àyàfi MikroTik fún ọ́fíìsì tí kò ní ẹni tó ń bójú tó o. Ẹ̀rọ tó dáa ni, owó rẹ̀ ò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá ní kó ṣe ló máa ṣe, títí kan èyí tí kò yẹ kó ṣe. Ní 2018, àlèébù kan hàn lára Winbox tí wọ́n fi ń darí rẹ̀, ní port 8291 (port ni ilẹ̀kùn onínọ́ńbà tí ètò kan ń gbà wọ ẹ̀rọ), tí àjèjì fi lè ka pásíwọọ̀dù jáde láti òde. Wọ́n gbé àtúnṣe jáde ní oṣù kẹrin ọdún yẹn, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń gba àìmọye ẹ̀rọ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín lẹ́yìn náà, torí kò sí ẹni tó fi àtúnṣe náà sí i. Ọdún yẹn kan náà ni VPNFilter, ètò aṣeniléṣe kan, wọ ẹ̀rọ tó tó 500,000 ó kéré tán, ní orílẹ̀-èdè 54. Router ilé Linksys, Netgear àti TP-Link wà níbẹ̀, MikroTik náà wà níbẹ̀. Pé wọ́n kọ "business" sára páálí ò gba ẹnikẹ́ni là.

Tó bá jẹ́ òun lẹ máa rà ṣá, ẹ má pa firewall (ògiri ààbò) tó bá a wá rẹ́. Ẹ ṣẹ̀dá orúkọ alábòójútó tuntun, kí ẹ wá pa "admin" rẹ́. Ní IP > Services, ẹ ti telnet, ftp, www àti api, kí Winbox máa gba àdírẹ́ẹ̀sì kọ̀ǹpútà alábòójútó nìkan. Bí ẹ bá ṣe àtúnṣe RouterOS (ètò tí MikroTik ń lò), ẹ tún lọ sí System > RouterBOARD, ẹ tẹ Upgrade, ẹ sì tún un tàn. Firmware ibẹ̀ (ètò inú bọ́ọ̀dù gan-an) yàtọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gbàgbé rẹ̀.

Fún ọ́fíìsì tí kò ní ẹ̀njíníà, Omada ti TP-Link tàbí UniFi ti Ubiquiti ló bá a mu. Ẹ mú router ER605 ti Omada kan, switch wọn, access point wọn, gbogbo rẹ̀ á hàn lójú ìwé kan. VLAN tí ẹ kọ lẹ́ẹ̀kan á dé orí gbogbo wọn. Tí ẹ bá da orúkọ oríṣiríṣi pọ̀, ẹ ó kọ ọ́ sórí router, ẹ ó kọ ọ́ sórí switch, ẹ ó tún kọ ọ́ sórí access point. Ẹ gbàgbé ibì kan, àlejò ò ní rí àdírẹ́ẹ̀sì gbà, ẹ ó sì máa wá ibi tó ti ṣì kiri. Sọ́fítíwìà controller Omada (ètò tó ń darí gbogbo wọn), ọ̀fẹ́ ni, ó lè wà lórí kọ̀ǹpútà fáìlì yín, tàbí kí ẹ ra OC200, àpótí kékeré tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Bí controller bá kú, Wi-Fi ò ní kú. Ohun tí ẹ ò ní lè ṣe ni pé kí ẹ yí nǹkan padà, portal àlejò (ojú ìwé tí wọ́n ń gbà wọlé) náà sì lè kọ̀ láti ṣí.

Lórí access point, tó ń lo ìgbì méjì: 2.4 GHz, kí fífẹ̀ channel jẹ́ 20 MHz, ọ̀kan ní channel 1, èkejì ní 6 tàbí 11. 5 GHz, 40 MHz tó. Ẹ dín agbára 2.4 GHz kù sí medium tàbí low; bí ẹ bá fi í sí high, fóònù á rọ̀ mọ́ èyí tó wà nísàlẹ̀ nígbà tó ti gun òkè tán.

Nǹkan méjì míì tí ẹ ó ṣọ́ra fún. Meraki ti Cisco ń ta ìwé àṣẹ tó ní ọjọ́ ìparí. Lábẹ́ ìlànà co-termination wọn (tí gbogbo ìwé àṣẹ ń parí lọ́jọ́ kan náà), bí ọjọ́ 30 bá kọjá lẹ́yìn tí ìwé àṣẹ tán, nẹ́tíwọ̀kì á dáwọ́ dúró. Switch Cisco tokunbo, irú Catalyst 2960 àtijọ́, ńkọ́? Fáànù rẹ̀ ń pariwo, 100 Mbps ni ọ̀pọ̀ ihò rẹ̀, àtúnṣe ò sì sí fún un mọ́. Ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń kọ́ CCNA, ìdánwò nẹ́tíwọ̀kì ti Cisco.

Iná_Dé_O

Ẹ ń sọ router, ẹ ò tíì sọ wáyà, ẹ ò tíì sọ iná.

Púpọ̀ nínú wáyà nẹ́tíwọ̀kì tí wọ́n ń tà ní Cat6 lọ́jà, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò ni. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ojú okùn rẹ̀: bí inú bá funfun, kì í ṣe kọ́pà. Páálí mítà 305 rẹ̀ náà á fúyẹ́ lọ́wọ́ yín. Fún dátà lásán, ó lè ṣe é. Fún PoE, ó ń dènà iná ju kọ́pà lọ, fóltéèjì á ti sọ̀ kó tó dé àjà, access point á máa kú, á máa jí, pàápàá nígbà tí èrò bá pọ̀ lórí rẹ̀, torí ìgbà yẹn ló ń fa iná jù. Wọ́n á ní access point ló bàjẹ́, ẹ ó pààrọ̀ rẹ̀, tuntun náà á tún máa kú. Láti switch dé ìdí ẹ̀rọ, wáyà kan ò gbọ́dọ̀ ju mítà 100.

Ẹ ṣírò PoE kí ẹ tó ra switch. Ìlànà PoE tó ń jẹ́ 802.3af ń gbé 15.4 W jáde, 12.95 W ló dájú pé ó máa dé òdì kejì; 802.3at ń gbé 30 W jáde, 25.5 W ló máa dé. Switch onihò 8 lè ní gbogbo ihò òun jẹ́ PoE+ (802.3at), kó jẹ́ pé nǹkan bí 60 W ni àpapọ̀ rẹ̀. Tiyín rèé: kámẹ́rà 8, ká ní 6 W fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, 48. Access point 2 ní 13 W, 26. Ó di 74 W, bí ẹkẹta bá wá, 87. Bí agbára ò bá tó, ihò tí ipò rẹ̀ kéré jù ni switch máa pa. Nítorí náà, switch PoE onihò 16 tí àpapọ̀ rẹ̀ tó 120 W, àti onihò 24 lásán, gigabit tó mọ VLAN, fún kọ̀ǹpútà, printer àti kọ̀ǹpútà fáìlì. Kò sí ìdí tí ẹ ó fi sanwó PoE fún ihò tí printer wà.

PoE 24 V àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní passive kì í béèrè ẹni tó wà lódì kejì kó tó rán iná. Bí ẹnì kan bá ki wáyà rẹ̀ bọ laptop, ihò laptop lè jó. Èyí tó jẹ́ 802.3af tàbí at máa ń yẹ̀ ẹ́ wò ná.

Páálí fáíbà (ẹ̀rọ kékeré tí wáyà fáíbà wọ̀), router àti switch méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lórí ínfátà kan náà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á fi router sórí bátìrì, wọ́n á fi páálí fáíbà sílẹ̀ lára ògiri. Iná lọ, Wi-Fi wà, íntánẹ́ẹ̀tì ò sí. Gbogbo rẹ̀ á fa nǹkan bí 120 W. Bátìrì lead-acid 12 V, 100 Ah kan, tí ẹ ò bá lo ju ìdajì rẹ̀ lọ, á gbé e fún nǹkan bí wákàtí mẹ́rin.

Kámẹ́rà tó wà níta: wáyà rẹ̀ ni àrá máa ń gbà dé orí switch. Ẹ fi surge protector (ẹ̀rọ tó ń dí iná àrá) sí i níbi tó ti wọlé, kí wáyà ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì dé ilẹ̀ gidi. Bí ẹ́ẹ̀tì ò bá sí, ọ̀ṣọ́ lásán ni.

Akọ̀wé_Bódìjà

Ẹ ṣeun gan-an ni. A ti fa DHCP gùn, àwọn tí kò lè wọlé ti ń wọlé. Ìbéèrè méjì ló kù. A ní router ilé kan nílẹ̀ tó ṣì dáa. Ṣé a lè fi ṣe access point ní òkè dípò extender kí owó tó jáde? Ìkejì, ọ̀gá fẹ́ fi Starlink ṣe ìlà kejì, kí iṣẹ́ má dúró bí fáíbà bá já. Àwọn kan máa ń wọ kọ̀ǹpútà fáìlì láti ilé wọn.

Wáyà_Dúdú

Ó ṣeé ṣe, bí wáyà bá wà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Tó bá ní AP mode, ẹ lò ó. Tí kò bá ní, ẹ so laptop mọ́ ọn ní òun nìkan, ẹ yí àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ sí .19 nínú nẹ́tíwọ̀kì yín, ẹ tún wọlé pẹ̀lú àdírẹ́ẹ̀sì tuntun yẹn, ẹ pa DHCP rẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó ki wáyà bọ ihò LAN rẹ̀, kì í ṣe WAN. Ẹ fún un ní orúkọ Wi-Fi àti pásíwọọ̀dù kan náà, ṣùgbọ́n channel míì. Òṣìṣẹ́ nìkan ni kó wà fún. Ẹ má gba àlejò sórí rẹ̀.

Bí ẹ bá gbàgbé láti pa DHCP, olùpín àdírẹ́ẹ̀sì á di méjì. Àwọn kọ̀ǹpútà kan á gba gateway (ojú ọ̀nà sí íntánẹ́ẹ̀tì) tí kò lọ síbì kankan, lójijì, láìsí ìlànà kan tí ẹ lè tọ́ka sí. Lórí Windows, `ipconfig /all`, ẹ wo ìlà DHCP Server: bí kì í bá ṣe àdírẹ́ẹ̀sì router àgbà ló wà níbẹ̀, ẹ ti mú olè. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ bá gbé router ilé rẹ̀ wá, tó sì so ó mọ́ ihò wáyà ara ògiri. Ìdí gan-an tí mo fi fẹ́ switch tó ṣeé darí nìyí: DHCP snooping á dí i, loopback detection á sì pa ihò tí ẹnì kan ti ki orí wáyà méjèèjì bọ switch kan náà. Lórí switch lásán, wáyà kan bẹ́ẹ̀ tó láti da gbogbo ilé rú.

Ìlà méjì: ER605 lè ṣe é, hEX náà lè ṣe é. Ẹ má ṣe jẹ́ kí router máa wo páálí fáíbà láti mọ̀ bóyá ìlà wà, torí páálí á máa dáhùn nígbà tí wáyà ti já lójú títì. Kó máa ping (kó pè, kó sì dúró de ìdáhùn) àdírẹ́ẹ̀sì gbangba 1.1.1.1 gba ojú fáíbà, 8.8.8.8 gba ojú Starlink. Lórí hEX, recursive route pẹ̀lú check-gateway=ping, distance 1 fún fáíbà, 2 fún Starlink (èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré ló ń ṣíwájú). Failover (ìlà kejì á gbà á bí ti àkọ́kọ́ bá já) ni kí ẹ ṣe, ẹ má ṣe load balance (lílo méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà): ojú ìwé báńkì tó bá rí i pé àdírẹ́ẹ̀sì yín ń yí láàárín iṣẹ́ lè lé yín jáde.

Ẹ fi Starlink sí bypass mode (kí router tirẹ̀ yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà), kí NAT, ìyẹn ìyípadà àdírẹ́ẹ̀sì tí router ń ṣe, má di méjì nínú ọ́fíìsì yín. Ìlà ilé lásán wọn sì wà lẹ́yìn CGNAT (ọ̀pọ̀ oníbàárà ń pín àdírẹ́ẹ̀sì gbangba kan), àdírẹ́ẹ̀sì tí ẹ ó rí máa ń wà láàárín 100.64 sí 100.127, kò sí port forwarding (ṣíṣí ilẹ̀kùn láti òde) tó lè gbà á wọlé. Bí fáíbà bá já, àwọn tó wà nílé ò ní rí kọ̀ǹpútà fáìlì mọ́. Ètò VPN (ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ gba íntánẹ́ẹ̀tì) bíi Tailscale lórí kọ̀ǹpútà yẹn, tàbí WireGuard láti ọ́fíìsì lọ sí server kan tó ní àdírẹ́ẹ̀sì gbangba, á yanjú ẹ̀, torí inú ni wọ́n ti ń pe òde. Bó bá jẹ́ pé port 3389 (ti Remote Desktop Windows) lẹ ṣí sílẹ̀ fún wọn báyìí, ẹ ti í lónìí.

Lórí hEX, queue (òté lórí ìyára): 50 Mbps lẹ ní, ẹ kọ 45, àlejò ò gbọ́dọ̀ ju 10 lọ lápapọ̀. Bí ẹ bá rí i pé simple queue ò dá ẹnikẹ́ni dúró, FastTrack, ọ̀nà àbùjá inú MikroTik, ló ń gbé e fò kọjá. Ẹ pa ìlà FastTrack nínú firewall.

Iná_Dé_O

Starlink nìkan lè fa 50 sí 100 W. Wákàtí mẹ́rin tí mo sọ lókè ti dín nìyẹn.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú

Kí ẹ tó san ìyókù owó iṣẹ́ fún oníwáyà, ẹ dán an wò lójú rẹ̀. Ẹ fa wáyà fáíbà yọ, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá títí Starlink á fi gbà á. Ẹ wọ Wi-Fi àlejò, ẹ ping kọ̀ǹpútà fáìlì, ẹ ṣí ojú ìwé router. Méjèèjì gbọ́dọ̀ kọ̀. Ẹ pa iná ilé, ẹ wò ó bóyá kámẹ́rà ṣì ń gbà. Kó fún yín ní fáìlì backup router, àti àwòrán tó fi ihò switch kọ̀ọ̀kan hàn pẹ̀lú orúkọ yàrá tó lọ. Ìmeèlì ọ́fíìsì ni kó fi ṣí àkáǹtì controller, kì í ṣe tirẹ̀. Bó bá fi tirẹ̀ ṣí i, ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ pe ẹlòmíràn, ẹ ó ní láti reset gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀.